Èèrà Iná ti Ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àti Bí A Ṣe Lè Ṣẹ́gun Rẹ̀ ní Àgbàlá Ilé

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ga, ṣùgbọ́n ó kan ẹnikẹ́ni tí ó ní ọmọ tàbí ìbátan ní ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé. Bí ẹ bá lọ bẹ̀ wọ́n wò, tí ẹ sì rí òkìtì erùpẹ̀ kékeré nínú koríko àgbàlá wọn, ẹ má ṣe fi ẹsẹ̀ tú u ká. Ilé èèrà iná ni. Èèrà yìí a máa fi ẹnu di ara mú, a sì máa fi ìdí ta oró sí i lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ọjọ́ kejì, kókó kékeré tí ó ní ọyún funfun ní orí a máa yọ níbẹ̀. Ẹlòmíràn wà tí ara rẹ̀ kò gba oró náà rárá: bí ojú rẹ̀ bá ń wú, tàbí tí èémí ń há a, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, nítorí ó lè kú.

Èèrà yìí kò rí bí ìjàlọ wa. Arìnrìn-àjò ni ìjàlọ; bí ó tilẹ̀ wọ ilé lóru, yóò ṣí lọ. Èèrà iná a máa tẹ̀dó. Láti ìhà Bràsíìlì àti Ajẹntínà ni ó ti wá, èbúté Mobile ní Alabama ni ó sì gbà wọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láàárín 1930 sí 1940. Láti 1957 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ òfurufú da májèlé líle sórí ilẹ̀ púpọ̀ nítorí rẹ̀. Ẹyẹ kú, ẹranko igbó kú, gẹ́gẹ́ bí Rachel Carson ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1962. Májèlé náà pa àwọn èèrà ìbílẹ̀ tí ń bá èèrà iná du ilẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà ìwọ̀nba èèrà iná tí ó ṣẹ́kù tún gbilẹ̀ láìsí alátakò.

Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ ni pé ìyá èèrà ni a ń wá. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni ó ń gbé, ó sì lè yé ẹyin tí ó ju 1,000 lọ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tí ó pa àwọn ọmọ, tí ó sì dá ìyá sí, asán ni ó ṣe.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ìjẹ, bí ti apẹja: èérún àgbàdo tí a fi òróró àti májèlé díẹ̀ pò. Májèlé náà kò gbọdọ̀ yára. Bí ó bá yára, ẹni tí ó gbé e yóò kú lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ́ra, àwọn èèrà òṣìṣẹ́ yóò máa fi ẹnu bọ́ ara wọn títí yóò fi dé ẹnu ìyá wọn. Ẹ wọ́n ọn ká gbogbo àgbàlá, kì í ṣe sórí òkìtì, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tí òjò kò sì ṣú. Kí ẹ tó wọ́n ọn, ẹ fi oúnjẹ olóròóró díẹ̀ sílẹ̀. Bí èèrà bá bò ó láàárín ìdajì wákàtí, àkókò tó. Ìjẹ tí òróró rẹ̀ ti bàjẹ́, wọn kì yóò jẹ ẹ́. Ẹ ka ìwé ara àpótí rẹ̀, ẹ má sì ṣe lò ju bí ó ti wí lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ ní sùúrù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ọ̀nà kejì ni ti òkìtì tí ó wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn tàbí níbi tí ọmọdé ń ṣeré, tí kò ṣeé dúró dè. Ẹ rọra da omi híhó bíi gálọ́ọ̀nù 3 sí i. Nínú òkìtì 10, ó lè pa nǹkan bí 6. Ẹ tún un ṣe fún ìyókù. Ẹ má ṣe lo epo ọkọ̀ láé: ó ń ba ilẹ̀ jẹ́, ó sì lè jó ilé.

A kò tíì rí ẹni tí ó lé èèrà yìí kúrò ní Texas. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ́n ìjẹ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yóò rí i pé òkìtì dínkù, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì lè jókòó ṣeré nínú koríko.