Kí Ẹ Tó Ra Lẹ́ńsì Kámẹ́rà, Ẹ Kọ́kọ́ Wọn Ilẹ̀

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi iṣẹ́ fótó jẹun pọ̀ lónìí ní Àjàṣẹ́, Kétu, Ṣábẹ̀ àti Pọ́bẹ̀. Ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú àgbà, ọdún ìbílẹ̀, kò sí èyí tí a kì í bá wọn níbẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n sì máa ń bi ara wọn jù ni pé: lẹ́ńsì wo ni kí n rà? Ọ̀pọ̀ wọn á wo èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, wọ́n á yá owó, wọ́n á ra irú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé ibi iṣẹ́, wọ́n á wá rí i pé ohun tó wúlò fún ọ̀gá kò bá ibi tí àwọn ti ń ṣiṣẹ́ mu. Bẹ́ẹ̀, ìṣirò kékeré tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ti tó láti dáhùn ìbéèrè náà kí sẹ́fà kan tó jáde lápò.

Ẹ wo ara lẹ́ńsì yòówù, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 24mm, 50mm tàbí 200mm. Òun ni àwọn oníṣẹ́ wa ń pè ní fókáàlì. Bí ẹ bá kọ lẹ́ńsì sí ohun tó jìnnà réré, bí àwọn òkè àpáta Ṣábẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó gba inú rẹ̀ kọjá yóò pàdé níbì kan lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwòrán ti máa hàn kedere. Àlàfo láti àárín lẹ́ńsì dé ibẹ̀ ni fókáàlì. Bó bá ṣe gùn tó ni àwòrán ṣe máa tóbi tó lórí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú pẹlẹbẹ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ kì í fẹ̀ sí i. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí fókáàlì bá ṣe ń gùn sí i, ibi tó lè wọ inú fótó á máa dín kù.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Ẹ mú fífẹ̀ sẹ́ńsọ̀ ní mìlímítà, ẹ fi iye mítà tó wà láàárín yín àti ohun tí ẹ fẹ́ yà sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi iye mítà ibi tí ẹ fẹ́ kó wọ fótó pín in. Èsì rẹ̀ ni fókáàlì tí ẹ nílò. Sẹ́ńsọ̀ àwọn kámẹ́rà ńlá fẹ̀ ní 36mm, ó ga ní 24mm, bíi fíìmù àtijọ́. Ti ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tí owó wọn rọjú wà láàárín 22mm sí 24mm ní fífẹ̀. Ìwé tó bá kámẹ́rà wá máa ń sọ ọ́.

Ẹni tí kò fẹ́ràn ìṣirò lè fi páálí dán an wò. Kó gé ihò tó fẹ̀ ní 36mm, tó ga ní 24mm, sí àárín páálí. Kó di ojú kan, kó gbé páálí náà síwájú ojú kejì. Bí páálí bá jìnnà sí ojú ní 50mm, ohun tó bá rí nínú ihò náà ni kámẹ́rà ńlá tó ní lẹ́ńsì 50mm yóò rí. Bó bá sún un dé 100mm, ohun tí lẹ́ńsì 100mm yóò rí nìyẹn. Páálí yìí ò ná ni ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìṣirò yìí lọ sí ojú agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún tó ṣe iyebíye fún gbogbo aráyé, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Igi tí ẹléré ń gbé sórí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Òkè rẹ̀ ni agbẹ́gilére máa ń gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí: ẹyẹ, ejò, oníṣòwò, kódà alùpùpù. Fótó tó bá gé òkè igi náà kúrò ti gé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kúrò.

Ká ní àwọn òǹwòran jìnnà sí ẹléré ní mítà 8, a sì fẹ́ ya gbogbo rẹ̀, láti ẹsẹ̀ dé ṣóńṣó igi, pẹ̀lú àyè díẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀. Ìyẹn lè tó mítà 3. A ó gbé kámẹ́rà dúró lóòró, kí 36mm di gíga. 36 lọ́nà 8 jẹ́ 288. A fi 3 pín in, ó di 96. Lẹ́ńsì 100mm fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ẹléré kì í dúró lójú kan, nítorí náà 85mm ló dáa jù.

Bí a bá wà níbi mítà 8 yẹn tí a fẹ́ igi orí nìkan, ká ní kí ibi tó wọ fótó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 80, a ó nílò 360mm. Irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ wúwo, owó rẹ̀ sì ga. Ṣùgbọ́n bí a bá ti lọ kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà, tí wọ́n sì gbà pé ká ya igi náà láti mítà 2, 90mm ti tó. Ìkíni àti ìyọ̀ǹda ti gba owó ńlá sílẹ̀.

Àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà ní Àjàṣẹ́ ní ìṣòro tiwọn. Àwọn tó padà dé láti Bùràsíìlì àti àwọn ọmọ wọn ló kọ́ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ń wó. Ẹni tó bá fẹ́ ya iwájú irú ilé bẹ́ẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 12, tí ìta ò sì gbà á láyè ju mítà 8 lọ, yóò nílò 24mm lórí kámẹ́rà ńlá. Lórí èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní 23.5mm, ó di nǹkan bíi 16mm. Lẹ́ńsì 18-55mm tó sábà máa ń bá kámẹ́rà wá kò ní lè gba gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé ojú kámẹ́rà sókè láti rí òrùlé, torí ògiri yóò dà bí èyí tó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Ẹ mú un dúró gbọọrọ, kí ẹ gé ilẹ̀ tó bá pọ̀ jù nísàlẹ̀ fótó kúrò nígbà tí ẹ bá délé.

Nígbà míì, ìṣirò á fi hàn pé kò sí ohun tó yẹ ká rà. Bí èèyàn 10 bá tò sórí ìlà kan, wọ́n á gba nǹkan bíi mítà 6. Nínú yàrá tí a ò ti lè fà sẹ́yìn ju mítà 5 lọ, ìyẹn jẹ́ 30mm, àwọn tó wà ní ìpẹ̀kun méjèèjì á sì máa fẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rí lọ. Ẹ fi àga fún àwọn àgbà níwájú, kí àwọn ọmọ dúró lẹ́yìn wọn. Fífẹ̀ á di mítà 4, fókáàlì á di 45mm. Lẹ́ńsì tó wà lọ́wọ́ yín lè ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ojú èèyàn tún yàtọ̀. Àwọn kan gbà pé lẹ́ńsì ló ń sọ imú di ńlá, ṣùgbọ́n ibi tí a dúró sí ló ń ṣe é. Láti ṣóńṣó imú dé etí lè tó sẹ̀ǹtímítà 12. Bí fóònù bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí imú, etí á wà ní 52, imú á sì fi nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 tóbi ju bó ṣe yẹ lọ sí etí. Láti mítà 2, àṣejù náà kò ju ìdá 6 lọ. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fà sẹ́yìn dé mítà 2, kí ẹ tó yan lẹ́ńsì. Níbẹ̀, 85mm lórí kámẹ́rà ńlá tí a gbé dúró lóòró yóò gba sẹ̀ǹtímítà 85, ìyẹn láti orí dé ìsàlẹ̀ àyà.

Òkùnkùn náà ní ẹjọ́ tiẹ̀. Bí fókáàlì bá ṣe gùn tó ni gbígbọ̀n ọwọ́ ṣe máa hàn tó, nítorí náà ẹni tó gbé 200mm lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ lo àkókò tó pẹ́ ju ìdá kan nínú 200 ìṣẹ́jú àáyá. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, lẹ́ńsì tó lè ṣí dé f/2.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin èyí tó dúró sí f/5.6. Láàárín èyí tó gùn àti èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀, ẹ mú èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì sún mọ́ iwájú bí wọ́n bá gbà yín láyè.

Kí iṣẹ́ yín tó ń bọ̀ tó pé, ẹ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ẹ fi ìṣísẹ̀ ka ilẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin àgbàlagbà jẹ́ nǹkan bíi mítà 3. Ẹ kọ jíjìnnà àti fífẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ ṣírò wọn. Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ níbi ayẹyẹ mélòó kan, nọ́ńbà tó ń tún ara rẹ̀ sọ nínú ìwé yín ni lẹ́ńsì tó yẹ kí ẹ rà.