Òótọ́ àbí irọ́: Ṣé inú òkúta ni adùn Chablis ti wá?

Ẹni tó bá ra iṣu àti èlùbọ́ tán ní Rye Lane, ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ní rìn jìnnà kó tó kan ibi tí wọ́n ti ń ta wáìnì. Ẹ bèèrè nípa Chablis, wọ́n á ní wáìnì funfun yìí dùn bí òkúta tí òjò pa, nítorí pé gbòǹgbò àjàrà ń fa adùn òkúta ilẹ̀ rẹ̀ sínú èso. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Òkúta wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ìlú kékeré ni Chablis, ní àríwá Burgundy, ní ilẹ̀ Faransé. Òkúta ẹfun àti amọ̀ tó wà lábẹ́ àwọn ọgbà àjàrà rẹ̀ tó dára jù ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 ọdún, ìkarahun ọ́ísítà wẹ́wẹ́ sì kún inú rẹ̀. Òkúta ìgbà kan náà wà ní Kimmeridge, ní Dorset, níhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; ibẹ̀ ni wọ́n ti mú orúkọ tí wọ́n ń pe ìgbà náà. Ẹni tó bá ṣa ìkarahun lóko, tó sì fi wáìnì oko náà jẹ ọ́ísítà, kò ṣòro fún un láti gbà pé ohun tí ojú òun rí ni ahọ́n òun ń tọ́ wò. Oníṣòwò kò sì ní bá a jiyàn.

Àmọ́ òkúta kò ní adùn. Èròjà tó ti yọ́ sínú omi ilẹ̀, bíi potásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù, ni gbòǹgbò lè fà, ìwọ̀nba tó sì ń dé inú wáìnì kéré ju ohun tí ahọ́n lè fi mọ òkúta. Alex Maltman, onímọ̀ nípa òkúta ní Yunifásítì Aberystwyth, ṣàlàyé èyí yékéyéké nínú ìwé rẹ̀, Vineyards, Rocks, and Soils, tó jáde ní 2018. Àwa ọmọ àgbẹ̀ náà mọ̀ pé iṣu orí ilẹ̀ olókùúta kì í dùn bí òkúta.

Níbo wá ni adùn náà ti wá? Òtútù Chablis kì í jẹ́ kí àjàrà Chardonnay pọ́n ju bó ṣe yẹ, nítorí náà kíkan rẹ̀ kì í lọ tán. Wọ́n á fún omi rẹ̀, ìwúkàrà á sì sọ ṣúgà ibẹ̀ di ọtí. Inú táǹkì irin tí kì í dípata ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é, kí òórùn igi má bàa bò ó mọ́lẹ̀. Òórùn bí ìṣáná tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá? Àwọn èròjà tó ní imí ọjọ́ nínú, tó ń jáde nígbà tí ìwúkàrà bá ń ṣiṣẹ́, ló sábà máa ń fà á. Wáìnì tí kò ní ṣúgà, tí kò ní òórùn igi, tó sì kan dáadáa: òun ni ẹnu wa ń pè ní òkúta.

Èyí kò sọ pé ilẹ̀ kò wúlò. Ilẹ̀ tó ń fa omi dànù, tó sì ń pa díẹ̀ mọ́ de ọ̀gbẹlẹ̀, ń ran àjàrà lọ́wọ́ gan-an. Ọgbà Grand Cru méjèèje, àwọn tí ipò wọn ga jù ní Chablis, wà lórí òkè kan ṣoṣo létí odò Serein, níbi tí oòrùn ti ń bà wọ́n dáadáa.

Bí iyèméjì bá ṣì kù, ẹ ra Chablis méjì láti orí irú òkúta kan náà, ọ̀kan láti inú táǹkì irin, ìkejì láti inú àgbá igi. Ẹ tọ́ méjèèjì wò, kí ẹ sì bèèrè ohun tó mú kí adùn wọn yàtọ̀.