Nígbà Tí Ìgbàgbọ́ Bá Dá Ìjà Sílẹ̀ Nínú Ilé

Àwọn àgbà a máa sọ pé ilé ọkọ ilé ẹ̀kọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ìyàwó ló mọ̀ pé òun yóò kọ́ bí a ti í se ọbẹ̀ tí ìyá ọkọ fẹ́ràn, àti bí a ti í kí àwọn àgbà ilé ní òwúrọ̀. Ẹ̀kọ́ kan wà tí wọn kì í retí: bí a ti í gbé láàárín àwọn tí ó kọ̀ wá nítorí ohun tí a gbàgbọ́.

Ní Ọ̀jọ́ọ̀, ní ìhà Ìbàdàn tí ó kọjú sí ọ̀nà Ọ̀yọ́, onírúurú ènìyàn ni ó ń gbé ilé kan náà. Ọmọ onílẹ̀ wà níbẹ̀, ṣọ́jà wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì àti oníṣòwò tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ṣakí wá wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ Mùsùlùmí ń fẹ́ ọmọ Onígbàgbọ́. Ọmọ Áńgílíkà ń fẹ́ ọmọ Aládùúrà. Nígbà mìíràn, ìyàwó ti bí ọmọ méjì kí ó tó gba Jésù gbọ́. Láti ọjọ́ náà, ọkọ lè dáwọ́ owó oúnjẹ dúró, ìyá ọkọ lè kọ oúnjẹ rẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe ìnáwó ẹbí láìsọ fún un. Ìbéèrè tí ó wà níwájú irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ kò kéré: kí ni kí ó dì mú, kí ni kí ó jọ̀wọ́? Ẹ jẹ́ kí a wádìí lọ́dọ̀ àwọn tí ó kọ́kọ́ gba ọ̀nà yìí kọjá.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ jìyà

Ní 1851 ni David Hinderer, ọmọ Jámánì tí ẹgbẹ́ CMS rán, kọ́kọ́ dé Ìbàdàn. Ní 1853 ó padà wá pẹ̀lú Anna, aya rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Ìlú ológun ni Ìbàdàn nígbà náà, ẹ̀rù sì ń ba àwọn jagunjagun pé ìwé kíkà yóò sọ ọmọkùnrin di ojo. Síbẹ̀ ìjòyè kan fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, fún wọn tọ́. Orúkọ Yéjídé náà ni ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin kan ń jẹ́ ní Ìbàdàn títí di òní. Anna kò bí ọmọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé tí ó kún ilé rẹ̀ ń pè é ní Ìyá.

Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ṣe ìrìbọmi, wàhálà dé. Ilé ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá àti ìyá tí ó bí wọn lọ́mọ ni ó nà wọ́n, tí ó dè wọ́n mọ́lẹ̀, tí ó sì lé àwọn mìíràn jáde. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin le jù, nítorí ẹni tí wọ́n ti san owó orí rẹ̀ kì í ṣe ti ilé kan mọ́. Bí ó bá yí ẹ̀sìn padà, ẹbí méjì ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹ má ṣe rò pé ìkà lásán ni àwọn òbí wọ̀nyí. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Bí ọmọ tuntun kò bá gbọ́ àkọsẹ̀jayé, ta ni yóò mọ ọ̀nà rẹ̀? Bí àìsàn bá dé, ta ni yóò bọ òrìṣà ilé? Bí bàbá bá kú, ta ni yóò sin ín bí ó ti yẹ? Lójú wọn, ẹni tí ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti fi ẹbí rẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí ó yí ọkàn padà

Ní Abẹ́òkúta bákan náà ni. Ní 1849 wọ́n mú àwọn Onígbàgbọ́ níbẹ̀, wọ́n nà wọ́n, wọ́n sì kan àbà mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ kí wọ́n lè sẹ́. Ọ̀pọ̀ kò sẹ́. Lẹ́yìn náà, ní oṣù Ẹrẹ́nà 1851, ogun Dàhòmì dé ẹnu odi Abẹ́òkúta. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti kan àbà mọ́ lẹ́sẹ̀ kò sá. Wọ́n bá àwọn ará ìlú yòókù dúró lórí odi, wọ́n sì jùmọ̀ lé ogun náà padà. Láti ìgbà náà ni ojú tí ìlú fi ń wò wọ́n ti yàtọ̀. Ìlú rí i pé ẹni tí ó fi òrìṣà sílẹ̀ kò fi ìlú sílẹ̀.

Ní Ìbàdàn, ìyàn ni ó jẹ́ ẹ̀rí. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí fún ọdún mélòó kan. Anna àti ọkọ rẹ̀ ta àwọn ẹrù inú ilé wọn kí àwọn ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ wọn lè jẹun. Wọn kò fi ìlú sílẹ̀ nígbà ìpọ́njú. Ní 1869, àìlera mú wọn padà sí ilẹ̀ wọn, Anna sì kú níbẹ̀ ní 1870. Ìjọ tí wọ́n fi sílẹ̀ kò tú ká. Ọmọ Yorùbá, Daniel Olúbí, ni ó di í mú.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn méjèèjì kò ṣòro. Ohun kan ni àwọn wọ̀nyí kọ̀ láti jọ̀wọ́. Nínú gbogbo nǹkan yòókù, wọ́n jẹ́ ọmọ ilé.

Ní ilé tiwa

Ìyàwó tí ó wà nínú irú ìdánwò yìí, di àdúrà rẹ mú, má sì sẹ́ Olúwa rẹ. Ṣùgbọ́n wo ohun tí o lè jọ̀wọ́. Bí ìsìn bá pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan, ṣé ọjọ́ Àìkú kan kò tó fún ìsinsìnyí? Bí o bá lọ sí ìṣọ́ òru, ta ni yóò fún ọmọ ní oúnjẹ? Ọkọ tí ebi ń pa kò ní gbọ́ ìwàásù. Má ṣe pe ìyá ọkọ rẹ ní àjẹ́ nítorí pé ó ń fa tẹ̀sùbáà tàbí pé ó ń bọ ohun tí bàbá rẹ̀ bọ. Kúnlẹ̀ kí i bí àtẹ̀yìnwá. Bí ó bá ń ṣàìsàn, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ gbé omi gbígbóná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ṣùgbọ́n sùúrù kì í ṣe gbígba ẹgba. Bí wọ́n bá ń lù ọ́, tàbí tí wọ́n bá ń fi ebi pa àwọn ọmọ, sọ fún àwọn òbí rẹ àti àgbà tí ọkọ rẹ ń bọ̀wọ̀ fún. Bí kò bá gbọ́, ọ́fíìsì wẹ́fíà wà, ọlọ́pàá sì wà. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní abala 38, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹ̀sìn rẹ̀ àti láti yí i padà. Òfin náà kò yọ ìyàwó ilé sílẹ̀.

Kí a má gbàgbé

Ẹni tí ó jìyà lánàá lè fi ìyà jẹ ẹlòmíràn lọ́la. Lẹ́yìn àìsàn lúkúlúkú ti 1918, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé àdúrà nìkan fún ìwòsàn di ẹni ìkọ̀sílẹ̀. Sophia Odúnlámì, ọ̀dọ́mọbìnrin olùkọ́, wà lára wọn. Àwọn tí ó tì wọ́n jáde kì í ṣe abọ̀rìṣà. Onígbàgbọ́ bíi tiwọn ni, nínú ìjọ tí àwọn bàbá rẹ̀ ti jẹ ẹgba nítorí Jésù.

Nítorí náà, ìyá tí ó ń tọ́ ọmọkùnrin lónìí, rántí pé ìwọ náà yóò di ìyá ọkọ. Bí ọmọ rẹ bá mú ìyàwó wálé, tí ọ̀nà tí ìyẹn fi ń gbàdúrà kò sì bá tìrẹ mu, jẹ oúnjẹ rẹ̀, kí o sì súre fún un.