Lẹ́sìn JAMB: Ká Sanwó Ni, Tàbí Kí Ọmọ Kàwé Nílé?

Ọ̀pọ̀ òbí ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ló máa ń bi wá pé: “Tíṣà, ọmọ mi fẹ́ ṣe JAMB. Wọ́n ní kí n wá sanwó lẹ́sìn. Ṣé kí n san án?” Ìbéèrè gidi ni. Owó ọjà ni owó yìí, owó oúnjẹ ilé sì ni pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ìdánwò náà. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ̀kọ́ mẹ́rin ni ọmọ ń ṣe. Èdè Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ dandan, ìbéèrè 60 sì ni tirẹ̀. Ìbéèrè 40 ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́ta yòókù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 180, wákàtí méjì péré ni wọ́n sì fún wọn. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: ìbéèrè kan kò ní ju ìṣẹ́jú àáyá 40 lọ. Kí èèyàn tó mu omi tán, ó ti kọjá!

Nítorí náà, ọmọ tí ó mọ̀wé ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá, aago ni ó nílò, kì í ṣe olùkọ́. Kí ó ra ìwé ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá. Kí ó gbé aago síwájú, kí ó dáhùn ìbéèrè 40 láàárín ìṣẹ́jú 26. Èyí tí ó bá ṣì, kí ó padà lọ kà á nínú ìwé rẹ̀. JAMB fúnra wọn ti kọ àkọsílẹ̀ ohun tí wọn yóò béèrè nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. (Àwọn kan ń tà á fún ọmọ bí ẹni pé àwọn ló kọ ọ́.) Bí ọmọ kò bá tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, kí ó lọ fi ọjọ́ díẹ̀ kọ́ ọ: A, B, C, D ni ó fi ń mú ìdáhùn, N ń gbé e síwájú, P ń dá a padà.

Ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ tí ẹ̀kọ́ kan kò yé rárá. Ẹni tí ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì kò lè sá fún Kẹ́mísírì. Bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò bá ní olùkọ́ Kẹ́mísírì ńkọ́? Ó ṣòro kí ó dá a kọ́. Ẹ sanwó, ṣùgbọ́n ẹ béèrè bóyá ẹ lè san ti Kẹ́mísírì nìkan. Ẹ béèrè pé ta ni yóò kọ́ wọn, àti pé ọmọ mélòó ni yóò wà ní kíláàsì. Kí ọmọ jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ kan kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

A tún ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ má bínú. Àwọn ọmọ mìíràn wà tí wọ́n ń sá lọ sí lẹ́sìn kí wọ́n lè rí ibi jókòó ni. Bí wọ́n bá délé, ọjà ń bẹ láti kiri, àbúrò ń bẹ láti pọ̀n, omi ń bẹ láti pọn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá fún un ní wákàtí méjì lálaalẹ́ láìrán an níṣẹ́, ó lè má nílò lẹ́sìn kankan.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì wí fún yín pé: “Ẹ ṣáà mú owó wá, a ó bá a ṣe é,” ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Ìka ọmọ yín ni ẹ̀rọ máa ń yẹ̀ wò ní gbọ̀ngàn ìdánwò, kì í ṣe ìka tiwọn. Èsì ọmọ yín ni JAMB yóò sì fagi lé.