Ṣé máásítà òkè òkun ti sọ ọ́ di ayàwòrán ilé?

Ẹnì kan láti Emùré bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, Yúkréènì ni mo ti gba máásítà nínú yíyàwòrán ilé. Ṣé mo lè ṣí ọ́fíìsì n'Íkẹ̀rẹ́ báyìí?"

Rárá o, kò tíì yá. ARCON ni òfin 1969 gbé kalẹ̀ láti máa forúkọ àwọn ayàwòrán ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí wọn ò bá tíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ò gbọdọ̀ fi orúkọ iṣẹ́ yẹn pe ara rẹ̀. (Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ tó gbẹ́ òpó ààfin Ògògà ò nílò sátífíkéètì kankan, àmọ́ ìgbà tirẹ̀ nìyẹn!)

Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ìwé rẹ wò, bóyá ó bá ti ilé-ìwé wa dọ́gba. Lẹ́yìn náà, wàá ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀, kó o tó jókòó ṣèdánwò. Ìwọ tó ò tíì lọ ńkọ́? Bi ARCON léèrè nípa ilé-ìwé yẹn kó o tó sanwó.