Ṣé O Mọ̀? Ariwo Tó Ń Ṣáájú Àṣekágbá, Láti Adó-Èkìtì Títí Dé Òkè Òkun

Ṣé o mọ̀ pé àṣekágbá kì í dúró de fèrè rẹfirí kó tó bẹ̀rẹ̀? Ní Adó-Èkìtì, bí bọ́ọ̀lù ńlá kan bá ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, láti ọjọ́ Ajé ni ariwo rẹ̀ ti ń ta. Nídìí tábìlì àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn, àwọn tí kò ní ra ẹyọ kan á ti dúró, wọ́n á máa ka àkọlé, oníkálùkù á sì máa to ikọ̀ tirẹ̀ bí ẹni pé òun gan-an ni akọ́nimọ̀ọ́gbá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àríyànjiyàn yẹn á bọ́ sórí rédíò, ìpè á máa wọlé láti Ìkẹ́rẹ́, Ìyìn, Ìfàkì àti Ìworòkò. Ẹni tó bá rò pé àwọn ọjọ́ wọ̀nyí kì í ṣe ara bọ́ọ̀lù kò tíì mọ adùn bọ́ọ̀lù.

Ṣé o mọ ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré Adó? Olúyẹmí Káyọ̀dé kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù, eléré ìje ni. Ní Barcelona lọ́dún 1992, òun ló kọ́kọ́ gbé ọ̀pá nínú ìje 4x100 mítà, ó gbé e fún Chidi Imoh, ó dé ọwọ́ Ọlápàdé Adeniken àti Davidson Ezinwa, Nàìjíríà sì gba fàdákà Òlíńpíìkì pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 37.98. Jàǹbá ọkọ̀ ló pa á ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1994, ọmọ ọdún 26. Ọdún méjì géérégé lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo atọ́kùn ètò eré ìdárayá tó bá gbé gbohùngbohùn wọ pápá yẹn máa sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ tó ń gbọ́ wọn.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí wọ́n kéde ìpínlẹ̀ náà, kò tíì pé oṣù méjì tí ikọ̀ Nàìjíríà, ti Kánú Nwankwo, na Argentina ní ayò 3 sí 2 ní àṣekágbá Òlíńpíìkì Atlanta? Ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ 1996 ni. Ìdùnnú lórí ìdùnnú ni Èkìtì fi bẹ̀rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí BBC kọ́kọ́ fẹ́ sọ bọ́ọ̀lù lórí rédíò bó ṣe ń lọ, ìyẹn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Arsenal àti Sheffield United ní ọjọ́ 22 oṣù kìíní 1927, ìwé ìròyìn ni wọ́n kọ́kọ́ lò? Radio Times ya àwòrán pápá, ó pín in sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Olùgbọ́ á tẹ́ ìwé sílẹ̀, á máa fi ìka tọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà bí wọ́n ṣe ń pe nọ́ńbà.

Àwọn baba wa kò nílò àwòrán kankan. Ṣé o mọ̀ pé Ernest Okonkwo, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Radio Nigeria, ni wọ́n ní ó sọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ní “Mathematical”? Bọ́ọ̀lù tí ọkùnrin yẹn bá sọ, o kò ní í ní kí ẹnikẹ́ni tún un sọ fún ọ. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní ayò 3 sí òdo ní àṣekágbá ife Áfíríkà ní Sùúrùlérè, tí Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, tí Múdà Lawal jẹ ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ ilé ló jẹ́ pé etí ni wọ́n fi wo bọ́ọ̀lù yẹn. Okonkwo jáde láyé lọ́dún 1990. Orúkọ tó sọ Ọdẹ́gbàmí ṣì wà lẹ́nu ọmọ tí kò bá a láyé.

Ọdún mẹ́rin ṣáájú àṣekágbá 1980 yẹn ni IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife Áfíríkà ti àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife lórílẹ̀-èdè wọn. Tonnerre ti Yaoundé ni wọ́n bá figagbága. Ṣé o mọ̀ pé kò sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kan tó gba ife Áfíríkà ṣáájú wọn?

Ṣé o mọ̀ pé ẹsẹ̀ lásán ni àwọn oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì ń wò nígbà tí ikọ̀ Nàìjíríà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn? Lọ́dún 1949, agbábọ́ọ̀lù 18 wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó lọ sí Liverpool, Etim Henshaw ni balógun wọn, Tẹ̀sílímù Balógun tí wọ́n ń pè ní Thunder sì wà láàrin wọn. Ìwé ìròyìn ibẹ̀ kò sọ̀rọ̀ méjì ju pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í wọ bàtà. Wọ́n bá Marine Crosby gbá a nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì fi ayò 5 sí 2 lù wọ́n. Balógun padà sí Ìlú Ọba láti fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́, ó wọ Queens Park Rangers lọ́dún 1956. Ohun tó ń dùn mí nínú ìtàn yìí ni pé ohun tí wọ́n kọ nípa ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin wọ̀nyí pọ̀ ju ohun tí wọ́n bi wọ́n léèrè lọ.

Ṣé o mọ ohun tí ìwé ìròyìn kan fi ṣe Brazil lọ́dún 1950? Láàárọ̀ ọjọ́ tí Brazil àti Uruguay máa pàdé ní Maracanã, ọjọ́ 16 oṣù keje, ìwé ìròyìn O Mundo gbé àwòrán ikọ̀ Brazil jáde, ó kọ ọ́ sí i pé àwọn tó gba ife àgbáyé nìyí. Wọn ò tíì gbá bọ́ọ̀lù o. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé Obdulio Varela, balógun Uruguay, kó ìwé náà wá fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n tọ̀ sí i lórí. Olórí ìlú Rio náà tún dìde sọ̀rọ̀ ìkíni kú oríire kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Uruguay gbá 2, Brazil gbá 1. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ogún ọdún ṣáájú ìyẹn, ní àṣekágbá ife àgbáyé àkọ́kọ́ ní Montevideo, bọ́ọ̀lù gan-an ni wọ́n ń jà sí kí eré tó bẹ̀rẹ̀: Argentina fẹ́ lo tiwọn, Uruguay fẹ́ lo tiwọn. Wọ́n lo ti Argentina ní abala kìíní, Argentina ń lọ pẹ̀lú 2 sí 1. Wọ́n lo ti Uruguay ní abala kejì, Uruguay sì borí pẹ̀lú 4 sí 2.

Lóde òní, òfin ti dé gbogbo rẹ̀. Ṣé o mọ̀ pé ní ìdíje FIFA àti ti CAF, akọ́nimọ̀ọ́gbá àti agbábọ́ọ̀lù kan gbọ́dọ̀ jókòó síwájú àwọn oníròyìn ní ọjọ́ tó ṣáájú eré? Ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ nínú ìgbaradì wọn ni kámẹ́rà sábà máa ń ní láǹfààní láti wò. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde, wọ́n fẹ́ ti ìlẹ̀kùn. Ìpàdé mìíràn tún wà tí a kì í gbọ́ nípa rẹ̀, níbi tí àwọn aṣojú ikọ̀ méjèèjì àti àwọn rẹfirí ti máa ń fẹnu kò lórí àwọ̀ aṣọ tí oníkálùkù máa wọ̀, títí kan ti aṣọ́lé. Bí eré bá parí, àwọn agbábọ́ọ̀lù á gba ọ̀nà tóóró kan kọjá lọ síbi ọkọ̀ wọn, oníròyìn á dúró lẹ́yìn irin, á máa pe orúkọ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ á dúró.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan ń sanwó kí wọ́n lè wo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò? Amẹ́ríkà ni. Bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré ní àṣekágbá tí wọ́n ń pè ní Super Bowl. Ní Indianapolis lọ́dún 2012, wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì dọ́là 25 fún àwọn tó fẹ́ jókòó wo bí oníròyìn ṣe ń bi agbábọ́ọ̀lù léèrè ọ̀rọ̀. Lọ́dún 2015, Marshawn Lynch ti Seattle dé iwájú wọn, ìdáhùn kan náà ló fún wọn nígbà 29: kí wọ́n má baà bu owó ìtanràn lé òun ló ṣe wá. Naomi Osaka tó ń gbá tẹ́níìsì ò tilẹ̀ lọ rárá ní Paris lọ́dún 2021. Wọ́n bu dọ́là 15,000 lé e, ó kúrò nínú ìdíje náà. Mi ò dá àwọn méjèèjì lẹ́bi. Ọ̀rọ̀ tí a bá fipá gbà lẹ́nu èèyàn kì í ládùn.

Ṣé o mọ̀ pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin wa, Ekiti Queens, ti gbá bọ́ọ̀lù ní NWFL Premiership, ìyẹn ìdíje tó ga jù fáwọn obìnrin ní Nàìjíríà? Pápá Olúyẹmí Káyọ̀dé ni ilé wọn. Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀.

Wo bí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ṣe ń rí létí pápá bẹ́ẹ̀. Ìgbaradì ti parí, oòrùn ti ń rọlẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù ti bọ́ bàtà, ó so okùn rẹ̀ pọ̀, ó fi kọ́ èjìká, koríko ṣì lẹ̀ mọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Oníròyìn na fóònù sí i lẹ́nu, ó fi ọwọ́ kejì dí afẹ́fẹ́ kó má baà ba ohùn jẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́: “Báwo ni ìpalẹ̀mọ́?” Ìdáhùn: “A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, a ti múra sílẹ̀, pẹ̀lú àdúrà yín a máa borí.” Ìbéèrè kejì: “Kí lo fẹ́ sọ fáwọn olólùfẹ́ yín?” Ìdáhùn: “Kí wọ́n máa gbàdúrà fún wa.” Ó tán. Kì í ṣe pé ọmọ yẹn kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ìbéèrè ni kò ní ìdí. Bi í léèrè pé ta ló kọ́kọ́ fún un ní bàtà. Bi í pé ẹsẹ̀ wo ni atamátàsé tí wọ́n ń lọ bá fi ń gbá bọ́ọ̀lù jù, báwo ni yóò ṣe dí i. Bi í pé ta ni yóò gbá pẹnáritì bí ó bá débẹ̀. Bi í ní Yorùbá, tàbí ní èdè Èkìtì bó bá jẹ́ ọmọ ilé wa, kó o rí bí ojú rẹ̀ ṣe máa là.

Ṣé o mọ̀ pé ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2025, PSG na Inter ní ayò 5 sí òdo ní Munich, tí kò sí àṣekágbá ife Yúróòpù kan tí ẹnikẹ́ni tíì fi ayò tó bẹ́ẹ̀ ju ẹnìkejì lọ? Irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé ìwòran ní Ajílósùn àti Ìjìgbò máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ sórí pátákó lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú aago àti iye owó ìwọlé. Ohun tó dára ni. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má wo Yúróòpù. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí pátákó kan náà gbé ọjọ́ tí Ekiti Queens máa gbá bọ́ọ̀lù.

Ṣé o rántí bí gbogbo orílẹ̀-èdè ṣe rí kí àṣekágbá ife Áfíríkà ti ọjọ́ 11 oṣù kejì 2024 tó dé? Àwọ̀ ewé àti funfun gba gbogbo ìkóríta. William Troost-Ekong ló kọ́kọ́ jẹ góòlù ní Ebimpé, Kessié dá a padà, Haller fi èkejì tì í, Côte d’Ivoire gba ife pẹ̀lú 2 sí 1. Troost-Ekong náà ni wọ́n sì mú ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje.

Àwọn obìnrin wa ló wá nu omijé yẹn nù. Ṣé o mọ̀ pé kí Super Falcons tó kúrò nílé lọ sí Morocco lọ́dún 2025 ni wọ́n ti ń pariwo “Mission X”, ìyẹn pé ife kẹwàá làwọn ń lọ gbà? Ní Rabat, lọ́jọ́ 26 oṣù keje, Morocco ti fi ayò 2 sí òdo síwájú nígbà ìsinmi. Esther Okoronkwo gbá pẹnáritì wọlé, Fọláṣadé Ìjàmìlúsì dá a padà sí dọ́gba-n-dọ́gba, Jennifer Echegini parí rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 88. Ràṣídátù Àjíbádé, balógun wọn, ló gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù. Brazil fọ́nnu lọ́dún 1950, ojú tì wọ́n. Àwọn ọmọ wa ṣèlérí, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ wọn san án.

Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń gba ife líìgì àwọn obìnrin nílé láwọn ọdún wọ̀nyí? Ikọ̀ mẹ́fà tó bá ta yọ ló ń péjọ sójú kan fún Super Six, ẹni tó bá gbégbá orókè níbẹ̀ ló ń dojú kọ ọ̀nà ife Áfíríkà tàwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin. Ọ̀nà yẹn ni Edo Queens gbà dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá ní Morocco lọ́dún 2024. Bí Ekiti Queens bá débẹ̀ lọ́la, gbogbo rédíò orílẹ̀-èdè yìí ni yóò máa wá ohùn wọn kiri. Àwa tá a wà ní Adó ló yẹ kó ti ní i nípamọ́. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ rédíò wa, ẹ lọ síbi ìgbaradì wọn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gba ohùn gbogbo wọn sílẹ̀, títí kan aṣọ́lé kẹta tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ sì kọ orúkọ àti ọjọ́ sí i.