Obìnrin Tó Ń Gbé Irin Kò Ní Di Ọkùnrin

Bí obìnrin Yorùbá bá sọ nílé pé òun ti ń lọ gbé irin ní jíìmù, ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ dé: "Ṣé o fẹ́ di ọkùnrin ni?" Màmá lè bi í, ọkọ lè bi í, àǹtí tó wà n'Íbàdàn á tún bi í lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ iṣan la sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí, àmọ́ àkókò ò jẹ́ ká yanjú ìbéèrè yẹn dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń kọ́ Yorùbá, ẹ fura: iṣẹ́ "iṣan" pọ̀ lédè wa. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan là ń pè é. Ẹran ara tó ń súnkì nígbà tí a bá gbé nǹkan, iṣan náà ni. Èkejì yìí ni mo ń sọ.

Họ́mónù kan wà tó ń jẹ́ testosterone. Òun ló ń jẹ́ kí iṣan ọkùnrin fẹ̀ nígbà tó bá bàlágà. Obìnrin náà ní in, àmọ́ èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin tó ti dàgbà tó nǹkan bí ìlọ́po 15 ti obìnrin. Iṣan obìnrin máa ń dàgbà o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Tí a bá fi ibi tí kálukú ti bẹ̀rẹ̀ ṣe òdiwọ̀n, ìdá tó ń fi tóbi sí i sún mọ́ ti ọkùnrin. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀. Àwọn obìnrin tí apá wọn rí bí ìtí igi lórí Instagram, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wá a, wọ́n ń wọn oúnjẹ wọn lórí òṣùwọ̀n, àwọn míì sì ń lo oògùn sí i. Kò sẹ́ni tó ń ṣèèṣì débẹ̀.

Ẹ wo Adijat Olarinoye. Ní ìdíje Commonwealth tó wáyé ní Birmingham ní 2022, ó gba góòlù fún Nàìjíríà láàárín àwọn obìnrin tí kò ju kílò 55 lọ. Kílò 111 ló gbé sókè orí. Ẹ ṣírò ẹ̀: ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀! Kílò 55 kì í ṣe òmìrán. Agbára lọ́tọ̀, títóbi lọ́tọ̀.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ èmi tí mo ń kọ sọ́fítíwíà jẹun. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, agbára yín á máa pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ iṣan ò tíì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ọpọlọ ló ń kẹ́kọ̀ọ́. Okùn tín-ín-rín ló pọ̀ jọ di iṣan kan, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò sì lè pe gbogbo wọn síṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó ṣe ń ṣe é léraléra, ọpọlọ á máa pe púpọ̀ sí i, àṣẹ rẹ̀ á sì máa yá. Ẹ̀rọ àná náà ni, sọ́fítíwíà nìkan ló yí padà.

Ẹ̀yìn náà ni ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á wá máa tóbi. Bí ẹrù bá na iṣan, sẹ́ẹ̀lì á mọ̀ ọ́n lára, á sì máa kó purotéènì tuntun jọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn iṣan á jí, wọ́n á dara pọ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ yìí kì í yá. Ó lè tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí dígí tó fi nǹkan hàn yín, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sílé. Wọ́n gun òṣùwọ̀n ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kò sún, wọ́n ní irin ò bá àwọn lára mu. Ẹ fi òṣùwọ̀n sílẹ̀ jàre. Ẹ kọ kílò tí ẹ gbé àti iye ìgbà tí ẹ gbé e sínú ìwé tàbí fóònù, òun ni kí ẹ máa wò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní ó kéré tán ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ẹ lóṣòó kí ẹ sì dìde pẹ̀lú ẹrù, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ gbé nǹkan nílẹ̀, ẹ ti nǹkan sókè orí, ẹ fa nǹkan wá sí àyà. Ìyẹn tó. Kí méjì tó kẹ́yìn nínú gbígbé kọ̀ọ̀kan nira díẹ̀; tí ẹ bá ti lè gbé e ní 12 láìlàágùn, ẹ fi kún ẹrù. Bí ẹrù ò bá yí padà, ara ò rí ìdí tó fi máa yí padà. Ẹ má sì fi ìrora ọjọ́ kejì ṣe òdiwọ̀n, tuntun lara ń pè é, kì í pẹ́ lọ.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣan dàgbà nílò purotéènì tó tó gíráàmù 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Obìnrin kílò 65, gíráàmù 104 nìyẹn. Ẹyin kan ò ju 6 lọ. Ife ẹ̀wà sísè kan tó 13. Ẹ wá wo bí a ṣe ń pín ẹran nílé wa: ègé ńlá fún bàbá, àwọn ọmọ tẹ̀ lé e, ìyá á fi egungun jẹ àmàlà. Ìyẹn gbọ́dọ̀ yí padà o.

Nǹkan tó sì ń lé mi lójú kì í ṣe ẹwà. Láti nǹkan bí ọmọ 30 ọdún ni iṣan ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lára ẹni tí kò lò ó. Nígbà tí nǹkan oṣù bá dúró, egungun obìnrin náà á tún máa yára fúyẹ́. Gbígbé ẹrù ń dí méjèèjì lọ́wọ́. Ẹni tó ń dìde lórí àga fúnra rẹ̀ ní ọmọ 75 ọdún ń gbé ilé ara rẹ̀. Ẹni tí kò lè dìde ń dúró de olùtọ́jú, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Toronto ẹ mọ iye tí ìyẹn ń náni.

Àwọn ìyá wa àgbà gbé garawa omi lítà 20, kílò 20 nìyẹn láìka garawa, kò sẹ́ni tó bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ di ọkùnrin. Ọ̀pá irin tó wọ́pọ̀ ní jíìmù, kílò 20 gẹ́lẹ́ ni òun náà.

Bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa mí, ẹ má sé èémí. Bí kílò 20 bá pọ̀ jù, ẹ béèrè ọ̀pá ti obìnrin: kílò 15 ni, ó tín-ín-rín sí i, ó sì rọrùn fún ọwọ́ láti dì mú.